Ẹ̀yin tíṣà Texas, ẹ ka ọjọ́ yín kẹ́ ẹ tó gba lífù tí kò lówó nínú

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ ń ṣe tíṣà ní Houston, Dallas àti káàkiri Texas, tọ́rọ̀ lífù bá dé, ohun tí kálukú máa ń kọ́kọ́ bi HR ni pé ṣé iṣẹ́ mi á ṣì wà nílẹ̀ tí mo bá padà dé, ìbéèrè gidi ni, àmọ́ pẹ́ńṣọ̀n ńkọ́? Ọ̀pọ̀ dísítíríìkì iléèwé níbẹ̀ ni kì í yọ owó Social Security, ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì ìjọba àpapọ̀, fún tíṣà, TRS, ìyẹn àjọ pẹ́ńṣọ̀n àwọn tíṣà Texas, lẹ máa gbójú lé tẹ́ ẹ bá dàgbà, torí náà ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀.

FMLA, òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ṣe ní 1993, máa ń fún èèyàn ní lífù ọ̀sẹ̀ 12 tí kò lówó nínú lọ́dún tó bá bímọ, tó bá ń ṣàìsàn tó le, tàbí tó fẹ́ tọ́jú ọkọ, ìyàwó, ọmọ tàbí òbí ẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Ìyá ọkọ ò sí níbẹ̀ o, bàbá ìyàwó náà ò sí níbẹ̀, mo mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwa òbí ni wọ́n, àmọ́ òfin ò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ò sì tíì pé oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́ ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Òfin yìí ní wọn ò gbọdọ̀ torí lífù náà sọ pé iṣẹ́ yín ti já láàárín, ṣùgbọ́n kò fipá mú ẹnikẹ́ni láti ka àwọn ọjọ́ tí kò lówó yẹn mọ́ ọdún iṣẹ́. Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í gbọ́.

Ọjọ́ 90 ni TRS ń wò. Láàárín ọdún ìwé kan, tí ọjọ́ tẹ́ ẹ fi ṣiṣẹ́ àti ọjọ́ lífù tí wọ́n san owó ẹ̀ bá pé 90, ẹ ti gba odindi ọdún iṣẹ́ kan fún pẹ́ńṣọ̀n yín, tó bá jẹ́ 89, ẹ ò gba nǹkan kan, kò sí pé wọ́n á fún yín ní ààbọ̀.

Kọ́ńtíráàtì oṣù mẹ́wàá ti tíṣà jẹ́ ọjọ́ 187. Ọ̀sẹ̀ 12 jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ 60, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ kúrò ó ku 127. Ìyẹn ni pé FMLA nìkan ò lè gba ọdún lọ́wọ́ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní August, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìgbà tí dókítà bá ní kẹ́ ẹ ṣì dúró sílé ni wàhálà máa ń dé, tẹ́ ẹ wá ti FMLA bọ́ sí lífù àìlera tí Texas ń fún tíṣà, tóun lè gùn tó ọjọ́ 180 lórí kàlẹ́ńdà. Nǹkan míì tún wà: tí lífù yín bá bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ku ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ kí táàmù parí, tó sì máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó wá jẹ́ pé inú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó gbẹ̀yìn lẹ máa padà, dísítíríìkì lè ní kẹ́ ẹ kúkú dúró sílé títí táàmù á fi parí. Torí náà ẹ mú kàlẹ́ńdà dísítíríìkì yín, ẹ fi bírò sàmì sí gbogbo ọjọ́ tẹ́ ẹ máa wà níbi iṣẹ́, ẹ kà á níkọ̀ọ̀kan, ẹ má kàn sọ pé mo ti parí sẹ́mẹ́sítà àkọ́kọ́ ó ti tó, torí ó lè má tó.

Tó bá fẹ́ dín, lífù tó lówó lẹ máa fi dí i. Ìpínlẹ̀ ń fún yín lọ́jọ́ márùn-ún lọ́dún, ó ń jọra pọ̀, ó sì ń tẹ̀ lé yín tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ dísítíríìkì, ẹ tún bi dísítíríìkì yín bóyá wọ́n ní sick leave bank, ìyẹn ọjọ́ lífù táwọn òṣìṣẹ́ dá jọ fún ẹni tó bá ń ṣàìsàn. Àwọn kan á ní àwọn ń tọ́jú tiwọn pamọ́ torí tí èèyàn bá fẹ́ fẹ̀yìn tì ó lè fi ọjọ́ 50 ra ọdún kan ní TRS. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀fẹ́, owó gọbọi ni, èmi ò rí ìdí tí èèyàn á fi torí ìyẹn pàdánù ọdún tó wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Èló wá lọdún kan ọ̀hún? Ìdá 2.3 nínú 100 ni, lórí sálárì márùn-ún tó ga jù tẹ́ ẹ gbà rí, wọ́n á wá áfíréèjì ẹ̀. Tí áfíréèjì yẹn bá jẹ́ 60,000 dọ́là, 1,380 dọ́là lọ́dún nìyẹn, 115 lóṣù, títí ẹ̀mí á fi bọ́. Ẹ ò sì lè rà á padà, TRS ń jẹ́ kí èèyàn ra lífù tó fi lọ kàwé, kò jẹ́ kó ra ti ọmọ tàbí àìsàn. Ní California, CalSTRS, àjọ pẹ́ńṣọ̀n àwọn tíṣà tibẹ̀, máa ń tà á, àmọ́ níbẹ̀ iye owó tẹ́ ẹ gbà ni wọ́n fi ń wọn krẹ́díìtì ọdún iṣẹ́, ọjọ́ díẹ̀ tẹ́ ẹ bá fi jókòó sílé láìgbowó, ó ti dín in kù.

Ti sálárì tó máa lọ sílẹ̀ lọ́dún yẹn, ẹni tó ṣì kéré má yọ ara ẹ̀ lẹ́nu, torí ọdún yẹn ò ní sí lára márùn-ún tó ga jù. Ẹni tó ti ń sún mọ́ ìfẹ̀yìntì ló yẹ kó ṣírò ẹ̀, torí sálárì ọdún àtijọ́ tó kéré ni wọ́n á mú wọlé dípò ẹ̀. Tó bá jẹ́ 56,000 ló rọ́pò 60,000, áfíréèjì á fi 800 lọ sílẹ̀, fún ẹni tó ti lo ọgbọ̀n ọdún ìyẹn á jẹ́ 552 dọ́là lọ́dún.

Owó ìnṣọ́ránsì ìlera, dísítíríìkì á máa san tiwọn tẹ́ ẹ bá wà lórí FMLA, ẹ máa san tiyín lọ.

Tẹ́ ẹ bá ti padà sẹ́nu iṣẹ́, tí ọdún ìwé sì ti parí, ẹ wọ MyTRS, ìyẹn àkáǹtì yín lórí ìkànnì TRS, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ọdún náà wọlé. Tí kò bá wọlé, ọ́fíìsì payroll ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, àwọn ló ń fi ọjọ́ yín ránṣẹ́, ẹ mú pay stub tó fi lífù olówó hàn dání, ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ torí àtúnṣe yẹn ní gbèdéke.