Ẹ kọ aago Nàìjíríà sínú èsì ìńtáfíù

Ẹ̀yin ará Ifẹ̀ àti Iléṣà tó ń wá iṣẹ́ sọ́fítíwíà nílé iṣẹ́ òkè òkun, ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá fi àkókò ìńtáfíù ránṣẹ́, ẹ má fi orí ṣírò rẹ̀. Ẹ ṣí kàlẹ́ńdà fóònù yín, ẹ yan Lagos, kí ẹ wá kọ aago méjèèjì sínú èsì: “Agogo mẹ́wàá àárọ̀ ní New York, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní Nàìjíríà.” Bí ẹ bá ṣì í ṣírò, ẹni tó pè yín á rí i kí ọjọ́ tó pé. Aago tiwa kì í yí padà lọ́dún, tiwọn ń yí. Nígbà òtútù, wákàtí 6 la fi ṣáájú New York. Nígbà ooru, ó di 5. London ń bá wa ṣe déédéé nígbà ooru, á sì fi wákàtí kan rẹ̀yìn nígbà òtútù. Oṣù Kẹta ló léwu jù: Amẹ́ríkà ń yí tiwọn lọ́jọ́ Àìkú kejì, London di Àìkú tó kẹ́yìn, torí náà ohun tó tọ̀nà lọ́sẹ̀ tó kọjá lè ṣì yín lọ́nà lọ́sẹ̀ yìí. Ó tún ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń ti Iléṣà wọ ọgbà OAU wá nítorí iná. Ọkọ̀ kì í dúró de ìṣírò. Kàlẹ́ńdà kò lè gbà yín tí wọ́n bá kọ “EST” (aago New York nígbà òtútù) lásán, torí ọ̀pọ̀ ń kọ ọ́ nígbà ooru tí EDT (aago wọn nígbà ooru) ló wà lóde. Ẹ bi wọ́n ní ìlú tí wọ́n wà.