Owó Ìjọba Fún Gbígbé Ilé Sókè L'Ádùúgbò Omíyalé Ní Amẹ́ríkà

Onílé kì í kọ̀wé béèrè owó tí ìjọba fi ń gbé ilé sókè kúrò lọ́nà omíyalé lọ́wọ́ FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àjálù, fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni owó ìjọba àpapọ̀ ń gbà, kó tó dé ọwọ́ ìlú tàbí káńtì (county), ìlú ló sì ń fi ilé yín kún ìwé tirẹ̀. Nítorí náà, ọ́fíìsì ìlú ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ béèrè floodplain administrator, ìyẹn ẹni tó ń mójú tó ilẹ̀ tí omi máa ń kún. Ẹ bi í bóyá ìlú wà nínú NFIP, ètò ìnṣọ́ránsì omíyalé ti ìjọba àpapọ̀, àti bóyá ètò ìdènà àjálù tí FEMA fọwọ́ sí ṣì wà nílẹ̀ tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì kò bá sí, ẹ má tíì wá kọngílá.

Àpò méjì ló wọ́pọ̀. HMGP (Hazard Mitigation Grant Program), owó ìdènà àjálù, máa ń ṣí lẹ́yìn tí ààrẹ bá kéde àjálù ńlá. FMA (Flood Mitigation Assistance), ìrànwọ́ fún dídín ewu omíyalé kù, kì í dúró de àjálù, àmọ́ ilé tó bá ní ìnṣọ́ránsì NFIP nìkan ló wà fún. Ìjọba àpapọ̀ sábà máa ń san 75 nínú 100, ìyókù wà lọ́rùn ìlú tàbí onílé. Lábẹ́ FMA, ilé tí omi ti bàjẹ́ léraléra lè gba 90, èyí tó bá sì wọ ẹgbẹ́ severe repetitive loss, ìyẹn ilé tí ìbàjẹ́ omi léraléra rẹ̀ pọ̀ gan-an, lè gba gbogbo rẹ̀. Ọ̀nà kan láti wọ ẹgbẹ́ yẹn ni kí ìnṣọ́ránsì ti san owó ìbàjẹ́ nígbà mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ju $5,000 lọ, tí àpapọ̀ wọn sì ju $20,000 lọ.

Ẹ wo inú ìwé ìnṣọ́ránsì yín dáadáa, torí owó kan wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í rántí: ICC (Increased Cost of Compliance), owó fún mímú ilé bá òfin omíyalé mu, tó lè tó $30,000. Ó wà fún ilé tí ìlú bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé owó àtúnṣe rẹ̀ tó ìdajì iye ilé náà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n gbà kí ẹ fi san ìpín tiyín. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ $180,000, ìjọba á san $135,000, ó ku $45,000. Ẹ yọ ICC kúrò, $15,000 ló kù lọ́rùn yín. Ṣùgbọ́n láìsí lẹ́tà ìlú nípa ìbàjẹ́ náà, ICC kò ní jáde. Ẹ tọ́jú rìsíìtì gbogbo àtúnṣe tí ẹ fi owó ìnṣọ́ránsì ṣe pẹ̀lú, torí owó tí ẹ kò bá lè ṣàlàyé, wọ́n lè yọ ọ́ nínú ìrànwọ́.

Kí àdéhùn owó ìrànwọ́ náà tó jáde, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ilé náà, kódà bí kọngílá bá ní ọwọ́ òun dilẹ̀. Iṣẹ́ tó bá ti bẹ̀rẹ̀ kí FEMA tó fọwọ́ sí i, kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó mọ́. Ó máa ń dun èèyàn, nítorí ìwé lè pẹ́ ju ọdún kan lọ.

Sàfíyọ̀ (surveyor) ló máa wọn ilé, tí á sì kọ Elevation Certificate, ìwé ẹ̀rí tó ń sọ bí ilé ṣe ga tó. Ní zone A lórí máàpù omíyalé, ibi tí omi ń kún àmọ́ tí ìgbì ńlá kò lù, orí ilẹ̀ yàrá tó rẹlẹ̀ jù nínú ilé ni wọ́n ń wò. Ní zone V, etí òkun tí ìgbì ń lù, abẹ́ igi tàbí irin tó gbé ilẹ̀ yàrá náà dúró ni. Ẹni tó bá ṣi méjèèjì mú fún ara wọn lè kọ́ ilé tó rẹlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀pọ̀ ìlú tún máa ń fi ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí méjì kún ìwọ̀n gíga omi tó wà lórí máàpù. Ẹ ní kí wọ́n tún un wọ̀n nígbà tí ìpìlẹ̀ tuntun bá parí, kí ilé tó sọ̀kalẹ̀ lé e. Íǹṣì kan péré tó bá dín lè dá owó ìkẹyìn dúró.

Gbígbé gan-an kì í pẹ́. Wọ́n á já iná, omi àti gáàsì, wọ́n á ti irin gígùn bọ abẹ́ ilé, jáàkì á máa gbé e díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì máa to pákó ńlá ní àgbékà sábẹ́ rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ń darí gbogbo jáàkì. Bí igun kan bá ṣáájú ìyókù, ògiri á sán, ilẹ̀kùn kò sì ní tì mọ́. Ilé tó jókòó sórí kọnkéré tààrà ṣòro láti gbé ju èyí tó ní àyè lábẹ́ lọ, ó sì wọ́n jù ú.

Tí ẹ bá fi ògiri yí abẹ́ ilé ká ní zone A, omi gbọ́dọ̀ ríbi wọlé, kó sì ríbi jáde, kó má bàa ti ògiri ṣubú. Ó kéré tán, ihò méjì, lára ògiri ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìsàlẹ̀ ihò kò sì gbọ́dọ̀ ga ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ sí ilẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ íǹṣì onígun mẹ́rin kan fún ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan: abẹ́ ilé tó jẹ́ 1,200 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin gba ihò 1,200 íǹṣì onígun mẹ́rin. Àwọn fẹ́ǹtì kan wà, ìyẹn ihò tí wọ́n ṣe fún omi, tí ẹnjiníà ti fọwọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan fún 200 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin. Mẹ́fà á tó. Ẹ má gbàgbé ẹ̀rọ amúlétutù àti ọ̀nà afẹ́fẹ́ rẹ̀: àwọn náà gbọ́dọ̀ gòkè.

Lẹ́yìn èyí, mọ́tò, ẹrù àti àtẹ̀gùn nìkan ló lè wà nísàlẹ̀, kì í ṣe yàrá. Wọ́n á kọ ọ́ mọ́ ìwé ilé pé ilé náà gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ránsì omíyalé títí ayé, ẹnikẹ́ni tó bá rà á ló sì jogún ọ̀ranyàn náà. Tí ẹ bá ń tà á, ẹ sọ fún olùrà kó tó sanwó.