Bá A Ṣe Ń Fi Hard Drive Kún Kọ̀ǹpútà Tá A Tò Nílé

Ìwé yìí wà fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra páàtì lọ́kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ to kọ̀ǹpútà yín fúnra yín, tàbí tọ́mọ yín bá yín tò ó, tí ààyè ti wá tán nínú ẹ̀ báyìí. Fọ́tò ìgbéyàwó, fídíò ìsìnkú màmá, àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ àdúgbò, gbogbo ẹ̀ ti kún C (dráífù tí Windows wà lórí ẹ̀) bámúbámú. Kò sídìí láti ra kọ̀ǹpútà míì, ẹ fi dráífù kún un ni. Iṣẹ́ náà ò le, wákàtí kan ti tó o, àmọ́ wáyà iná ló máa ń pa dráífù ọlọ́dráífù, ìdí nìyẹn tá a fi máa pẹ́ níbẹ̀ ju ibòmíì lọ.

Kẹ́ ẹ tó náwó

Ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ kéèsì kẹ́ ẹ wo inú ẹ̀ dáadáa. Ihò SATA (ihò tí wọ́n ń fi wáyà dráífù so mọ́) mélòó ló ṣẹ́ kù lórí motherboard, ìyẹn bọ́ọ̀dù ńlá tí gbogbo páàtì so mọ́? Mẹ́rin tàbí mẹ́fà ló máa ń wà lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù ilé. Ẹnu wáyà iná SATA mélòó ló ṣì wà lófo látara power pack, àpótí tó ń pín iná fún páàtì inú kọ̀ǹpútà? Ibo lẹ máa so dráífù náà mọ́ tí kò fi ní máa mì? Tẹ́ ẹ bá ti ń lo M.2 (dráífù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń ki sórí bọ́ọ̀dù láìsí wáyà), ẹ ka ìwé tó bá bọ́ọ̀dù wá, torí lórí àwọn bọ́ọ̀dù kan, tẹ́ ẹ bá ti ki M.2 sí ihò kan báyìí, ihò SATA kan tàbí méjì ò ní ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ ó so dráífù tuntun síbẹ̀ kò ní hàn rárá, ẹ ó sì lọ máa bá ẹni tó tà á fún yín jà láìṣẹ̀. Tíwèé náà bá ti sọnù, ẹ kọ orúkọ bọ́ọ̀dù sórí íntánẹ́ẹ̀tì, PDF ẹ̀ wà lórí sáìtì àwọn tó ṣe é.

Lójú tèmi, tó bá jẹ́ fọ́tò àti fídíò lẹ fẹ́ kó pa mọ́, hard drive ńlá oní 3.5 íǹṣì tó ń yí yẹn ni kẹ́ ẹ rà, torí owó kan náà máa fún yín láàyè ju SSD, dráífù tí kò ní nǹkan tó ń yí nínú, lọ dáadáa. Lóòótọ́ kò yára, nǹkan bíi 150 sí 250 MB ló ń kà ní sẹ́kọ́ǹdù kan, SSD oní-SATA ń dé 550, NVMe Gen 3 (irú SSD tó yára ju ti SATA lọ) tó dáa ń kọjá 3,000, àmọ́ fídíò òde àríyá ò nílò irú eré yẹn kó tó ṣí. Ẹ jẹ́ kí Windows wà lórí SSD, kẹ́ ẹ kó ẹrù sórí hard drive.

Tó bá jẹ́ tòkúnbọ̀ lẹ fẹ́ rà, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má sanwó láìjẹ́ pé wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà níṣojú yín kí wọ́n ṣí CrystalDiskInfo, ètò tó ń fi hàn bóyá ara dráífù le, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wo ibi tó kọ Power On Hours sí. Wákàtí 8,760 ló wà nínú ọdún kan, torí náà tẹ́ ẹ bá rí 40,000, ó ti lé lọ́dún mẹ́rin ààbọ̀ tó ti ń yí láìsinmi nìyẹn. Ẹ wá wo Reallocated Sectors Count àti Current Pending Sector Count, ibi tó ti bàjẹ́ tàbí tó ń fura lórí dráífù ni wọ́n ń kà, tí iye tó wà ní Raw Values wọn ò bá jẹ́ òdo, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á, kódà kó sọ pé òun máa gbé e fún yín ní ìdajì owó.

Wáyà iná

Wáyà méjì ló ń lọ sẹ́yìn dráífù SATA. Tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn tó ní ẹsẹ̀ 7 ń gbé dátà, ó wá látorí bọ́ọ̀dù. Fífẹ̀ yẹn tó ní ẹsẹ̀ 15 ló ń gbé iná, látinú power pack. Ẹnu àwọn méjèèjì rí bíi lẹ́tà L, kò lè wọlé sódì àfi tẹ́ ẹ bá fipá tì í, bẹ́ẹ̀ ike tó wà lẹ́yìn dráífù tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tó bá kán pẹ́nrẹ́n, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ wo L náà kẹ́ ẹ tó tì í, kẹ́ ẹ tì í gbọọrọ, ẹ má ṣe yí i sọ́tùn-ún sósì.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ju gbogbo ẹ̀ lọ rèé: tí power pack yín bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n lè yọ wáyà ẹ̀ kúrò lára ẹ̀, wáyà tó bá a wá nínú páálí nìkan ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ má ṣe yá ti ọ̀rẹ́ yín, ẹ má ṣe lo ti power pack yín àtijọ́, kódà kó jẹ́ ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe méjèèjì. Ẹnu tó ń lọ sára dráífù bára mu káàkiri ayé, ṣùgbọ́n ẹnu tó ń lọ sára power pack, kálukú ló ń tò ó bó ṣe wù ú. Á wọlé wẹ́rẹ́, á dùn kọ̀ọ́, ẹ ó ní ó ti bọ́ sí i, ẹ ó tanná, 12 volt á gba ibi tó yẹ kí 5 volt gbà, gbogbo dráífù tó wà lórí wáyà yẹn á kú lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ohun tó wà nínú wọn.

Bákan náà ni wáyà kékeré tí wọ́n fi ń sọ ẹnu Molex àtijọ́ (ẹnu wáyà iná ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin) di SATA. Oríṣi méjì ló wà. Èyí tí wọ́n da ike lé wáyà lórí tó di odidi kan, tẹ́ ò lè rí bí wáyà ṣe wọlé, ẹ sá fún un, wáyà inú ẹ̀ lè kan ara wọn kí iná sọ. Èyí tẹ́ ẹ ti lè rí wáyà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bó ṣe wọlé láti ẹ̀yìn ló sàn.

Ní ti agbára, hard drive 3.5 íǹṣì kan lè fa bí ampere 2 lórí 12 volt nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀ sí yí, ìyẹn bí wáàtì 24, tó bá ti yí tán á rọlẹ̀ sí nǹkan bíi 5 sí 8. Mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà á fẹ́ sún mọ́ wáàtì 100 láàárín sẹ́kọ́ǹdù díẹ̀ yẹn. Power pack gidi ò ní mọ̀ ọ́n lára, pọ́ọ́kú tó bá kéèsì wá lọ́fẹ̀ẹ́ lè má gbé e.

Ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ so ó

Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ ọ́ lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ tún tẹ bọ́tìnnì ìtanná lẹ́ẹ̀kan kí iná tó kù nínú ẹ̀ lè jáde. Nígbà ọyẹ́, ara wa máa ń ní iná tó ń ta, ẹ fọwọ́ kan irin kéèsì níbi tí kò ní ọ̀dà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Sukúrúù dráífù 3.5 íǹṣì yàtọ̀ sí ti 2.5, tí ò bá wọlé wẹ́rẹ́, òun kọ́ nìyẹn. Ẹ fi àlàfo sílẹ̀ láàárín dráífù kan sí ìkejì kí atẹ́gùn gba ibẹ̀, ooru ilé wa ti pọ̀ tó tẹ́lẹ̀.

Ẹ tanná, ẹ tẹ Del tàbí F2 kẹ́ ẹ wọ BIOS, ibi ètò kọ̀ǹpútà tó máa ń ṣí kí Windows tó tan, ẹ wò ó bóyá orúkọ dráífù náà ti wà níbẹ̀. Tí ò bá sí, ẹ pa á padà, ẹ wo wáyà méjèèjì, ẹ gbìyànjú ihò míì. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ibi tó kọ SATA Mode sí o, tẹ́ ẹ bá yí i padà Windows lè má tan mọ́.

Nínú Windows, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún lára máòsì tẹ Start, ẹ mú Disk Management. Dráífù tuntun á ní kẹ́ ẹ Initialize òun, ẹ mú GPT, torí MBR, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n ń gbà pín dráífù, ò lè lò ju 2 TB lọ. Ẹ wá fi bọ́tìnnì ọ̀tún lára máòsì tẹ ibi dúdú, ẹ mú New Simple Volume, ẹ máa tẹ Next, tó bá béèrè irú fọ́máàtì, ẹ mú NTFS, ó parí. Dráífù 1 TB á hàn bíi 931 GB, wọn ò rẹ́ yín jẹ, àwọn tó ṣe é ń fi 1,000 kà, Windows ń fi 1,024 kà.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ dráífù àtijọ́ tí nǹkan wà nínú ẹ̀, tí Windows bá ní kẹ́ ẹ Initialize tàbí kẹ́ ẹ Format, ẹ tẹ Cancel kíá. Nǹkan yín lè ṣì wà níbẹ̀ pé pérépéré, ó kàn jẹ́ pé Windows ò mọ bó ṣe máa kà á ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Linux, àṣẹ lsblk á fi dráífù náà hàn yín, UUID (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀) ni kẹ́ ẹ kọ sínú fáìlì fstab pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà nofail, kí kọ̀ǹpútà má bàa kọ̀ láti tan lọ́jọ́ tí dráífù náà ò bá sí.

Lẹ́yìn náà

Kíkó fáìlì kúrò lórí C lọ sórí dráífù tuntun kì í ṣe ẹ̀dà o, ibì kan ṣoṣo ló ṣì wà. Tí NEPA bá mú iná ga wá lójijì, tàbí àrá sán, gbogbo dráífù inú kéèsì kan náà ló lè lọ pọ̀. Ẹ ra dráífù tí wọ́n ń fi USB so, ẹ da fọ́tò àti àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ sí i, kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò, kó máa gbé nílé àbúrò yín. UPS, àpótí bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró tíná bá lọ, náà ṣe pàtàkì, torí bí iná ṣe ń lọ tó ń bọ̀ yìí, tó bá lọ lásìkò tí dráífù ń kọ̀wé lọ́wọ́, fáìlì lè dàrú.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ kọ̀, kọ̀, kọ̀ látinú hard drive, tàbí tí fáìlì kan ń gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó ṣí, ẹ má ṣe tún un tàn kẹ́ ẹ tún un pa, ẹ má gbé e sínú fíríìsà bí àwọn kan ṣe ń sọ. Tó bá ṣì ń ṣí, ẹ kó èyí tó ṣe pàtàkì jù jáde lákọ̀ọ́kọ́, fọ́tò ṣáájú fíìmù. Tí kò bá ṣí mọ́, ẹ yọ wáyà iná ẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e lọ bá ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ gbígba dátà padà, bó ṣe wà yẹn gan-an, láì tú ideri ẹ̀.