Bí a ṣe ń fi òkúta ṣe ọ̀bẹ bíi tàwọn ará ìgbà ìwáṣẹ̀

Kí irin tó dáyé ni ọ̀bẹ ti wà. Ní Gona, ní Ethiopia, wọ́n ti hú òkúta tí àwọn baba ńlá ọmọ ènìyàn là ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.6 ọdún sẹ́yìn. Nílé wa níbí, ní Ihò Eléérú lẹ́bàá Ìsàrun, ìpínlẹ̀ Oǹdó, awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ hú egungun èèyàn jáde ní 1965, òun àti ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ òkúta wẹ́wẹ́. Ó wù mí kí ìwọ náà fọwọ́ kan iṣẹ́ yìí.

Wá òkúta méjì. Ọ̀kan á rí róbótó bí ọmọ ọlọ, kó kún ọwọ́. Etí odò ló pọ̀ sí. Èkejì ni a ó là: òkúta funfun tó ń dán dára, èyí tó ń rún bí iyanrìn kò wúlò. Fi ọmọ ọlọ kàn án jẹ́ẹ́jẹ́. Tó bá dún bí agogo, ara rẹ̀ le. Tó bá dún pọ̀ọ̀, ó ti sán nínú. Jù ú nù.

Bọ́ síta, wọ dígí tó bo ojú dáadáa, tẹ́ awọ tó nípọn sórí itan. Lé ọmọdé àti adìyẹ jìnnà.

Ibí yìí ló gba sùúrù. Wá ibi tí etí òkúta ti rí bí ẹnu àáké, tí kò dúró ṣánṣán bí igun búlọ́ọ̀kù. Má lu àárín, òkúta ò ní dá ọ lóhùn. Etí gan-an ni kí o lù, kó wọlé díẹ̀, kí ọwọ́ rẹ sì wá láti ẹ̀gbẹ́. Bó bá bọ́ sí i, wàá gbọ́ “ṣáà”, ìpẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan á ṣí kúrò.

Kanzi, ìnàkí kan ní Amẹ́ríkà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní bonobo, kọ́ iṣẹ́ yìí. Nígbà tó sú u, ó kàn ń la òkúta mọ́lẹ̀ ni. Àwọn tó ń kọ́ ọ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kó má baà rí i ṣe. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò. Ọgbọ́n rẹ̀ wù mí púpọ̀.

Di ìpẹ́ náà mú níbi tó ti nípọn, fi gé ẹran. Wàá rí i bí ó ṣe ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.

Kó gbogbo ẹ̀rúnrún sínú agolo. Má dà á sígbó, kí awalẹ̀pìtàn kan má baà hú u lọ́la, kó máa rò pé ará Ihò Eléérú ló là á.