Bí A Ṣe Ń Fi Kámẹ́rà Onífíìmù Ya Àwòrán Ènìyàn Tó Ní Adùn Àtijọ́

Bí ènìyàn bá ṣí álíbọ́ọ̀mù àtijọ́, tí àwòrán inú rẹ̀ sì gbà á lọ́kàn, ó sábà máa ń rò pé àwọ̀ tó ti ṣí àti ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ara bébà ló fà á. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń lo áàpù tó ń da àbàwọ́n sórí fọ́tò fóònù. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ọjọ́ ló ṣí àwọ̀ yẹn, ayàwòrán kò mọ̀ sí i. Ojú ẹni tí wọ́n yà ló ń fa ni mọ́ra: ó ti múra, ó mọ̀ pé wọ́n fẹ́ ya òun, ó sì ń dúró de kámẹ́rà. Fíìmù 35mm sábà máa ń gba fọ́tò 24 tàbí 36, fíìmù 120, tó fẹ̀ ju 35mm lọ, nínú kámẹ́rà 6×6 (tí fọ́tò rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà ní ìbú àti òró) sì ń gba 12 péré, nítorí náà kò sí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ní ìtẹ̀kutẹ̀. Ìdúró yẹn ni kí ẹ lépa.

Kámẹ́rà tó lè ṣiṣẹ́ láìsí bátìrì ni mo fẹ́ràn jù. Pentax K1000, tí wọ́n ṣe láti 1976 títí di 1997, kò lo bátìrì fún ohun mìíràn ju ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ lọ. Kí ẹ tó ra kámẹ́rà àlòkù, ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ìwọ̀n eré tó wà lórí rẹ̀ (bí ó ṣe ń yára ṣí, tó sì ń pa dé), kí ẹ sì fi tọ́ọ̀ṣì wo inú lẹ́ńsì bóyá ó ti bu. Bí fóòmù dúdú etí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn bá ń lẹ̀ mọ́ ìka bí ọ̀dà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ yóò máa jò wọlé. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ki fíìmù sínú rẹ̀, ẹ rí i dájú pé bọ́tìnì tí a fi ń ká a padà ń yí bí ẹ ti ń wọ́ fíìmù lọ. Mo ti ya àgbàlagbà kan rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí n tó mọ̀ pé fíìmù kò kọ́ rárá.

Fún awọ ara, fíìmù aláwọ̀ Kodak Portra, tó ti wà lọ́jà láti 1998, dára púpọ̀. Fún dúdú-funfun, Kodak Tri-X 400 àti Ilford HP5 Plus kì í já ni kulẹ̀. Nẹ́gátíìfù, ìyẹn fíìmù tí a ti fọ̀ tí a fi ń tẹ fọ́tò, lè fara da àpọ̀jù ìmọ́lẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n àìtó rẹ̀ ń sọ ibi òjìji di ẹrẹ̀. Nítorí náà, bí fíìmù bá jẹ́ ISO 400 (ISO ni ìwọ̀n bí fíìmù ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀), mo máa ń yí kámẹ́rà sí 200, kí ìmọ́lẹ̀ lè pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ẹ fẹ́ yà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn kò ràn sí tààrà, kí ó yí ojú díẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀. Lẹ́ńsì 85mm ló yẹ ojú jù. Bí 50mm ni ẹ ní, ẹ má sún mọ́ ọn jù, kí imú rẹ̀ má baà tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ yí ihò lẹ́ńsì tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé sí f/4, ó tó, kí ẹyinjú tó sún mọ́ yín jù sì mọ́ gaara.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ló kù. Ẹ sọ fún un pé fọ́tò mẹ́fà péré ni ẹ ó yà, ẹ jẹ́ kó tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ẹ má sì pàṣẹ ẹ̀rín. Ní àwọn ọdún 1840, lẹ́yìn tí Daguerre, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti gbé ọ̀nà ìyàwòrán tirẹ̀ jáde ní 1839, ẹni tí wọ́n ń yà ní láti jókòó láìmira fún ìgbà pípẹ́, nígbà mìíràn pẹ̀lú irin tí wọ́n fi ń gbé orí ró lẹ́yìn; ẹ̀rín wo ni ì bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní di ìfajúro? Ẹ kò nílò irin, ṣùgbọ́n ẹ lè yá ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà lò: ẹ bá a sọ̀rọ̀, ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kó mí sóde, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹ̀rín bá ń kúrò lójú rẹ̀. Nítorí pé kámẹ́rà onífíìmù kò ní ojú bíi ti fóònù tí ẹni tí ẹ ń yà lè ti wo ara rẹ̀, kò ní máa tún ojú ṣe láàárín fọ́tò kan sí èkejì.

Fíìmù dúdú-funfun ṣeé fọ̀ nílé, oògùn rẹ̀ sábà máa ń wà ní 20°C; fíìmù aláwọ̀ tí a ń fi ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní C-41 fọ̀ ń fẹ́ nǹkan bíi 38°C, kò sì gba àṣìṣe, nítorí náà ẹ gbé e fún àwọn tó ń fi iṣẹ́ náà jẹun, kí ẹ sì gba nẹ́gátíìfù yín padà. Ẹ tẹ fọ́tò náà sórí bébà, kí ẹ fi pẹ́ńsùlù rírọ̀ kọ orúkọ àti ọjọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀; bíró máa ń ta àpá dé iwájú.