Òkúta ń léfòó, ògiri ń ká: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí rélùwéè orí tábìlì

Ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mí ṣáá, ẹ jẹ́ n kúkú kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Ìwọ̀n 1:87 (mílímítà 87 lára ohun gidi di ẹyọ kan lórí tábìlì) ni mo fi ń kọ́ àwòṣe ojú irin àtijọ́ Èkó sí Ìbàdàn, èyí tó dé Ìbàdàn ní 1901. Fífẹ̀ àárín irin rẹ̀ méjèèjì jẹ́ mílímítà 1067. Ẹ pín in sí 87, ó lé díẹ̀ ní 12. Ojú irin onímílímítà 12 lẹ ó rà nìyẹn. Onímílímítà 16.5 tó kún ọjà, ti ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021 ló bá mu.

Ẹ̀gbọ́n, mo fọ́n ọ̀dà sórí fóòmù funfun tí mo fi gbẹ́ òkè, ó sì jẹ ẹ́ wọnú.

Ohun tó wà nínú ọ̀dà alágolo ló jẹ ẹ́. Ọ̀dà olómi tí wọ́n fi ń kun ògiri yàrá ni kí ẹ lò.

POP tí mo fi ṣe Òkè Olúmọ ń là.

Ẹ dà á nípọn jù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ rẹ aṣọ pélébé sínú rẹ̀, kí ẹ tẹ́ ẹ léra wọn. Tí ìsàlẹ̀ bá gbẹ, ẹ kọ́kọ́ fi omi rin ín.

Ògiri ilé páálí mi ń ká.

Ojú kan lẹ kùn. Ẹ kun inú àti ìta, kí ẹ lẹ igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn nínú.

Mo kán gọ́ọ̀mù sórí òkúta wẹ́wẹ́ ojú irin, ó ń ṣù roboto, òkúta sì ń léfòó.

Èyí ló fojú mi rí màbo jù, nígbà ọyẹ́. Mo ti to òkúta náà, mo ti fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a kúrò lórí àwọn igi abẹ́ irin. Bí gọ́ọ̀mù ṣe kán sí i, ó dúró lórí eruku bí omi lórí ewé kókò, ó yí gbirigbiri, ó kó òkúta mọ́ra, ihò sì ṣẹ́ kù síbi tó ti kúrò. Mo pààrọ̀ gọ́ọ̀mù, kò yàtọ̀. Mo bu omi là á kó lè ṣàn, òkúta tún léfòó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Gọ́ọ̀mù kọ́ ló ń dà wá láàmú. Omi a máa fa ara rẹ̀ ṣù, eruku gbígbẹ kì í sì í gbà á wọlé.

Ẹ fọ òkúta náà, ẹ sá a, kí ẹ sẹ́ ẹ. Òkúta ojú irin gidi tó tó mílímítà 50 kò ju bíi 0.6 lọ ní ìwọ̀n tiwa. Kọ́nkọ̀sọ̀ èlùbọ́ ló yẹ ẹ́, asẹ́ gàrí ti fẹjú jù. Lẹ́yìn tí ẹ bá tò ó, ẹ kán ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ sínú omi, kí ẹ fọ́n ọn sókè kó máa balẹ̀ fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá kọjú rẹ̀ sí òkúta tààrà, atẹ́gùn rẹ̀ á gbá gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ dúró títí òkúta yóò fi ṣú dé ìsàlẹ̀.

Ìgbà yẹn ni gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà tó kàn: ìlàjì gọ́ọ̀mù, ìlàjì omi, ọṣẹ díẹ̀. Ẹ fi síríńjì kán an sí ẹ̀gbẹ́ igi, ẹ ó rí funfun rẹ̀ tó ń wọ́ lọ lábẹ́ òkúta láì mì í. Ẹ má fọwọ́ kàn án títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Níbi tí ojú irin ti yà, ẹ rọra: irin tó ń ṣí lọ ṣí bọ̀ níbẹ̀ á lẹ̀ pa.

Látìgbà tí mo ti da yanrìn sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin, ọkọ̀ ojú irin mi ń ké gìrìgìrì.

Yanrìn etí títì a máa ní irin nínú, òòfà inú ẹ̀rọ kékeré tó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà á sì fà á wọlé. Ẹ fi òòfà wọ́ ọ kí ẹ tó lò ó. Ẹ fi aṣọ nu gọ́ọ̀mù kúrò lórí irin pẹ̀lú.

Tiransífọ́mà tó ń fún ojú irin mi níná ń gbóná.

Ẹ wò ó bóyá ohun onírin kan dùbúlẹ̀ lórí irin méjèèjì. Tí kò bá sí, ẹ yọ ọ́ lára iná, ẹ má tú u. Iná 12 V ló ń jáde lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n 240 V ló ń wọlé. Ẹ gbé e lọ fún oníṣẹ́ iná.