Bí Mo Ṣe Pààrọ̀ Àtẹ́lẹ̀ Air Jordan 3 Mi

₦45,000 ni mo san fún bàtà Nike kan tó ń jẹ́ Air Jordan 3, funfun ni, ẹni tó tà á fún mi sì búra pé ẹnikẹ́ni kò tíì wọ̀ ọ́ rí. Òótọ́ ló sọ, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. N kò tíì rìn dé àárín gbọ̀ngàn ìgbéyàwó àbúrò mi tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ fi rún wómúwómú, tí ègé funfun sì ń já sílẹ̀ lẹ́yìn mi lójú àwọn àna wa. Nígbà tí mo pe ọ̀gbẹ́ni náà, ó ní ọjà tí mo ti gbé lọ kò kan òun mọ́.

Ilé ni mo ti wo àkọlé inú rẹ̀: ọdún 2011 ni wọ́n ṣe é. Ní 1988 ni irú bàtà yìí, tí Tinker Hatfield, ayàwòrán bàtà fún Nike, yà fún Michael Jordan, agbábọ́ọ̀lù agbọ̀n, kọ́kọ́ jáde, pẹ̀lú awọ tó ṣe hunjọhunjọ bí awọ erin níwájú àti lẹ́yìn. Láti 1994 ni wọ́n ti ń tún un gbé jáde, nítorí àwọn tí a kò tíì bí nígbà tó kọ́kọ́ jáde ń wá a kiri bíi ti àwọn tó fojú ara wọn rí Jordan lórí pápá. Ṣùgbọ́n polyurethane, irú ike kan, ni wọ́n fi ṣe fóòmù àtẹ́lẹ̀ rẹ̀, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ a sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kódà nínú páálí.

Mo ra òmíràn tí kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tí awọ rẹ̀ ti ya ṣùgbọ́n tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ṣì le dáadáa, ní ₦18,000. Yíyọ àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ kí n lè fi sí tèmi kò ṣòro rárá.

Gọ́ọ̀mù ló fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko jẹ mí níyà. Bàbá aránbàtà àdúgbò wa kùn ún, ó lẹ̀ ẹ́, ó fi òòlù gbá a, ó ní, “Ọmọ mi, máa wọ̀ ọ́ lọ.” Lọ́jọ́ kejì, imú rẹ̀ yanu. Mo padà lọ, mo tún sanwó, ó tún yanu. Inú bí mi débi pé mo gbé e sílé, mo tan ìmọ́lẹ̀ sí i, mo sì fi àtàǹpàkò ra etí awọ náà: ìyẹ̀fun fóòmù àtijọ́, tó kúnná bí èlùbọ́, ló bo gbogbo rẹ̀. Ìyẹ̀fun ni gọ́ọ̀mù ń dì mú, kì í ṣe awọ.

Òru méjì ni mo fi búrọ́ọ̀ṣì, sáńdípépà àti asítóònù tí àwọn obìnrin fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò fọ̀ ọ́ títí awọ fi hàn kedere. Mo kun gọ́ọ̀mù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ sójú méjèèjì, mo dúró kó gbẹ títí kò fi lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìka mi mọ́, mo kun ún lẹ́ẹ̀kejì, mo sì fi ẹ̀rọ ìgbẹrun yá a gbóná kí n tó tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Tó bá ti kan ara rẹ̀, kò tún ṣeé sún; ẹsẹ̀ òsì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní láti ṣí i, kí n sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti ka àkọlé yẹn kí n tó mówó jáde. Ẹni tó fẹ́ bàtà ayé àtijọ́ láìsí irú ìyà yìí lè mú Converse All Star, rọ́bà ni àtẹ́lẹ̀ tirẹ̀.

Ó ti pé oṣù mẹ́rin báyìí tí mo ti ń wọ̀ ọ́. Bàbá aránbàtà fọwọ́ méjèèjì ká a kò níjọ́ kan, kò yanu. Wọ́n béèrè irú gọ́ọ̀mù tí mo rà. Mo ní, “Gọ́ọ̀mù yín yẹn náà ni, bàbá.”